Ọmọ ọdẹ pa abo pẹ́pẹ́yẹ odò lójú àbàtà wa. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́?

Ọdẹ Etídò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsàlẹ̀ odò Ògùn ni mo wà, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìṣẹrí, níbi tí omi ti máa ń kúrò nínú odò wá bá wa lóko bí òjò bá ti pọ̀. Iṣẹ́ ọdẹ ni mo bá lọ́wọ́ bàbá mi. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ọdún 17. Bàbá rẹ̀ ní kí n máa mú un dání lọ sígbó, kó lè yéé tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ náà já fáfá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nínú ewé, kì í sì í bẹ̀rù òkùnkùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé ṣakabùlà mi láìtọrọ, ó gba inú àbàtà lọ, ó sì kó pẹ́pẹ́yẹ odò mẹ́ta bọ̀. Ẹ̀yin ará ìgboro, mi ò sọ pẹ́pẹ́yẹ ilé o. Èyí tí mo ń wí, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni da ẹfun sí i, ìpàkọ́ rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ó ní ilà wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń fò lọ lálẹ́, ńṣe ló ń súfèé, fìì-fìì-fìì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé dùn. Ìyàwó mi gbé omi kaná, ó tu ìyẹ́. Ó la ti àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ó la èkejì, ó pè mí. Ẹyin kan wà níbẹ̀ tó ti ní èèpo tán, pupa ẹyin sì tò tẹ̀lé e lẹ́yìn láti ńlá dé kékeré, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kà á. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mélòó ni gbogbo wọn ì bá jẹ́?" Mi ò rí èsì fún un. Mo kàn ní kó lọ nu ìbọn.

Nígbà tí mo kéré, lóṣù kìn-ín-ní, ariwo ìyẹ́ wọn ló ń jí wa. Báyìí mo lè jókòó kí n kà wọ́n tán. Ẹnì kan ti ra apá kan nínú àbàtà, ó ti da yanrìn sí i, ó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rù. Èyí tó kù, àwọn kan ń finá sun eèsún rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí òkété.

Ìbéèrè mi méjì ni. Kí ni kí n ṣe fún ọmọ yìí tí kò ní lé e padà sídìí fóònù? Kí la sì lè ṣe fún àbàtà náà kó tó tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe ọmọ tí a kò kọ́ dá mi lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Àgbà Ìgbẹ́

Ẹran lẹran ń jẹ́. Ta ló ń bi àgbọ̀nrín bóyá ó lóyún kó tó yìnbọn? Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹyẹ mẹ́ta, ìbọn ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Ọmọ yẹn á di ọdẹ gidi.

Ọdẹ Etídò

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Àárín agbo ló yìn ín sí. Ó ní méjì mìíràn já sínú eèsún, òun wá wọn títí, òun ò rí wọn.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ẹ̀pẹ́

Ọjà Òlúwo lèmi wà, ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ni mo ń tà, ó ti pẹ́. Ohun tí ìyàwó yín rí yẹn, àìmọye ìgbà la máa ń rí i. Àwọn oníbàárà mìíràn tiẹ̀ máa ń yọ̀ bí wọ́n bá bá ẹyin nínú ẹyẹ, wọ́n ní èènì ni. Èènì kọ́ o. Owó ọdún tó ń bọ̀ la ń sè lọ́bẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Láti oṣù kẹfà títí oṣù kẹwàá á fi parí, n kì í ra ẹyẹ omi kankan. Ẹni tó bá gbé e wá, mo ní kó máa gbé e lọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń rà á, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá gbé ẹrù rìn dé ìsọ̀ mẹ́rin kó tó rí ẹni rà á, á ronú ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Ẹ bá àwọn obìnrin tó ń ra ẹran lọ́wọ́ yín sọ̀rọ̀. Ẹ kì í ràntí wa nínú ọ̀rọ̀ igbó, bẹ́ẹ̀ àwa la ń san owó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó le ju ìbọn lọ, oògùn kòkòrò ni. Àwọn kan ń da Gamalin sómi láti fi pẹja, àwọn kan ń pò Furadan mọ́ àgbàdo láti fi pẹyẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹyẹ wá tí n kò rí ojú ọta lára rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò ṣẹ́, iwe ni mo kọ́kọ́ ń là. Bí mo bá bá ọkà tí kò tíì lọ̀ níbẹ̀, tó ń ta sí imú bí oògùn kòkòrò, inú ihò ni mo ń sin ín sí. Ẹ kọ́ ọmọ yín: ẹyẹ tí kò bá mọ ohun tó pa á, kó má kó o. Ọdún 2006 ni àìsàn adìyẹ H5N1 kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ìpínlẹ̀ Kàdúná sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹyẹ omi wà lára àwọn tó máa ń gbé e kiri.

Tísà Bàólọ́jì

Ẹ bá mi dá ọmọ náà lóhùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ dára ju gbogbo èsì wa lọ. Pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun yìí sábà máa ń yé ẹyin mẹ́jọ sí méjìlá. Inú koríko gíga nílẹ̀ ló sábà ń tẹ́ ìtẹ́ sí, takọ tabo ló sì jọ ń sàba fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "akọ ni mo pa" kò tíì sọ nǹkan. Akọ àti abo tiẹ̀ jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti rí rí láìmọ ìdí rẹ̀. Àsìkò kan wà lọ́dún tí pẹ́pẹ́yẹ kì í lè fò. Lẹ́yìn tó bá ti pamọ, gbogbo ìyẹ́ ńláńlá apá rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan náà, á di ẹran ilẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí tuntun tó hù. Adìyẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ ń já. Inú eèsún tó ki ló ń sá pamọ́ sí lásìkò náà. Ẹni tó bá kó ajá wọ ibẹ̀ lè fi ọ̀pá pa ogún láìyìnbọn, kó sì délé kó máa pe ara rẹ̀ lọ́dẹ.

Nípa ọmọ náà, ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ ní àsìkò òjò yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú un lọ síbi tí òṣíbàtà bá ti pọ̀, kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ pọ́n bí obì, iwájú orí rẹ̀ búlúù. Akọ rẹ̀ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́mọ. Abo á yé, á sì bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ akọ mìíràn. Bí ewu bá dé, bàbá á kó àwọn ọmọ sábẹ́ ìyẹ́ apá, á gbé wọn sá, ẹ ó wá máa rí ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó yọ lábẹ́ apá rẹ̀ bí ìdì igi ìṣáná. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó kọ́kọ́ rí i pariwo débi pé ẹyẹ náà rì sábẹ́ ewé, gbogbo wa sì fojú bú u títí a fi délé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ fún un. Kó máa kọ ọjọ́, aago, ibi tó jókòó sí, ẹyẹ tó rí àti iye rẹ̀. Bí agbo bá pọ̀, kó ka mẹ́wàá, kó wo bí mẹ́wàá ṣe fẹ̀ tó lójú rẹ̀, kó wá fi ìwọ̀n yẹn wọn ìyókù bí ẹni ń fi kóńgò wọn gàrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé: lóṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, láti ọdún 1967, wọ́n ń ka ẹyẹ omi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ kan náà. Ẹ ò sì nílò láti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀! Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń ya ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà sórí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI ní Jos ń darí. BirdLasser lorúkọ ohun tí wọ́n ń gbé sórí fóònù. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin tó fẹ̀ tó bíi kìlómítà 9 sí 9, èèyàn á lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ọ̀kan, á kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí ránṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn fóònù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nínú ewé, irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Arkansas

Ẹ kú ilé o. Mi ò jìnnà sí Stuttgart, ìlú tó jẹ́ pé ìrẹsì àti pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé àwọn èèyàn kàn ń yìnbọn kiri ni. Àṣé ẹni tó fẹ́ pa pẹ́pẹ́yẹ níbí á kọ́kọ́ dáwó ra àbàtà. Láti ọdún 1934, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra òǹtẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀, sítáǹbù kan tó rẹwà, kó tó lè dọdẹ ẹyẹ omi. Dọ́là kan ni nígbà yẹn, dọ́là 25 ni lónìí. Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, sẹ́ǹtì 98 ń lọ sórí àbàtà tí wọ́n ń rà tàbí tí wọ́n ń háyà fún ẹyẹ. Àwọn tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí pàápàá ń rà á. Ọ̀dá ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n: láàárín ọdún 1930 sí 1939, àbàtà gbẹ, àwọn àgbẹ̀ sì ń fa omi èyí tó kù, ẹyẹ wá wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe kọ́ ọmọ tèmi, torí òun gan-an lẹ bèèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò gbé ìbọn. Òfin ibí ni pé nínú ẹyẹ mẹ́fà tí ọdẹ lè pa lóòjọ́, mẹ́rin péré ló lè jẹ́ mallard, irú pẹ́pẹ́yẹ kan tí akọ àti abo rẹ̀ yàtọ̀ lójú, méjì péré nínú mẹ́rin náà ló sì lè jẹ́ abo. Ẹ wò ó: ẹyẹ ń bọ̀ ní kùtùkùtù, ó ń sáré bí ọkọ̀, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo kó o tó fọwọ́ kan ìbọn. Mo wá fún un ní òfin kan ṣoṣo: bí o kò bá lè pè é lórúkọ, má yìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, agbo mọ́kànlá kọjá lórí wa, ó ń dárúkọ wọn wúyẹ́wúyẹ́, kò yin ẹyọ kan. Mo ra búrẹ́dì ẹlẹ́yin fún un lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tún wà níbí, kí ọdẹ àwọn àgbà tó ṣí tàbí lẹ́yìn tó bá ti parí. Àgbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ, ṣùgbọ́n àgbà náà kò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ. Ìṣòro ńlá nìyẹn fún àwọn bàbá kan! Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ṣófo lo máa ń rí ohun tí ọmọ ń ṣe.

Ní ti méjì tó já sínú eèsún: níbí, ọdẹ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti rí ohun tó bá já. Mo sọ fún ọmọ mi pé èyí tí a kò rí wà nínú mẹ́fà wa. Bí méjì bá sọnù, mẹ́rin ló kù tí a lè mú relé. Ẹ kọ́ tiyín bẹ́ẹ̀, kó sì má yìnbọn sáàárín agbo mọ́. Ẹyọ kan ni kó yàn, síbi tí omi bá ti hàn gbangba.

Ẹ jọ̀ọ́, òjé. Ọta òjé tó bá já sínú ẹrẹ̀ kì í lọ. Pẹ́pẹ́yẹ máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ, kò sì mọ òjé yàtọ̀ sí òkúta. Iwe á lọ òjé náà kúná, á wọ ẹ̀jẹ̀, ẹyẹ á rù títí á fi kú, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fòfin de òjé fún ọdẹ ẹyẹ omi jákèjádò Amẹ́ríkà láti ọdún 1991. Ọta irin la ń lò. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rí nílé, irin sì le ju òjé lọ, ẹ má kàn kì í bọ ìbọn àtijọ́ láìfi han ẹni tó mọ ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè dín iye ìgbà tí ẹ ń yìn ín lójú omi kù, kí ìyàwó yín sì máa gé ẹran tó yí ojú ọta ká dànù, pàápàá bí ọmọdé bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Òjé yìí kan náà ni, tó jáde láti inú òkúta góòlù, ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Àgbà Ìgbẹ́

Ó dáa, tiyín ń gba dọ́là 25. Níbí, ta ló máa gbà á? Ta ló máa ṣọ́ ọ kó má baà di owó ọtí?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọdẹ

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín tọ́. Ẹ jẹ́ n sọ bí tiwa ṣe lọ, títí kan ibi tá a ti ṣìṣe.

Ọdún tá a kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, a sáré so ààlè mọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà àbàtà. Màrìwò, ìṣáná, aṣọ pupa, gbogbo rẹ̀ pé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ ní ṣé ebi ni a fẹ́ fi pa àwọn ni. Àwọn apẹja ní àwọn kò sí nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti já ààlè náà, ó fi di ẹrù igi. A ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí kò sí ohun tá a lè ṣe.

Lọ́dún kejì a pè wọ́n jókòó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja ló fi ibi tí ẹyẹ ń yé sí hàn wá, a ò mọ̀ ọ́n tó wọn. Ibi yẹn nìkan la tì, láti ìgbà tí omi bá gun bèbè títí di ìgbà tó bá fà. Àkùrọ̀ wà ní ṣíṣí, ojú ìgèrè wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá rú u, a kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ló máa sùn nílé Olúọdẹ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n, kò sí owó níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa fi ra ọtí. Ọmọ bíbí inú Olúọdẹ ni ìbọn rẹ̀ kọ́kọ́ sùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tún lágídí mọ́.

Iná: ẹ ò lè ní kí wọ́n má sun ìgbẹ́ rárá, wọn ò ní gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kí wọ́n sun apá kan lọ́dún yìí, kí apá kejì dúró di ọdún tó ń bọ̀, kí eèsún tó wà létí omi sì wà bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ogún ìṣísẹ̀.

Ilẹ̀ ló le jù. Òfin àyẹ̀wò àyíká wà láti ọdún 1992, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fa omi àbàtà tó tó hẹ́kítà 100 sókè láìṣe àyẹ̀wò. Ẹ ti rí ihò rẹ̀. Àbàtà abúlé kì í tó bẹ́ẹ̀, púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ń kún un. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, kí wọ́n tó gba owó ìsanwájú lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá awọnlẹ̀, kí ó wọn èyí tó kù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ ìlú, kí baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi. Ẹ bi wọ́n pé níbi tí wọ́n ti da yanrìn sí yẹn, omi tó máa ń sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, yàrá ta ló ń sùn sí báyìí? Ẹni tó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù lóṣù kẹsàn-án kò nílò àlàyé mìíràn.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nípa ààlè tí wọ́n já yẹn, ìwọ̀ oòrùn wa ní Benin, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, wọ́n ti fa igi ẹ̀gbà etí omi lé Zangbeto, òòṣà aṣọ́de òru àwọn Ẹ̀gùn, lọ́wọ́. Ibi tí Zangbeto bá ti ya sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í mú àdá débẹ̀. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ tiwa wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar láti ọdún 2000, àdéhùn orí àbàtà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Iran lọ́dún 1971. Nàìjíríà ní mọ́kànlá nínú irú ibi bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan ní Ògùn, Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó tàbí Èkìtì. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, orúkọ inú ìwé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí. Zangbeto ń dí wọn lọ́wọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ẹ̀pẹ́

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ńkọ́? Wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdẹ wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Ìtàn yẹn ní igi tí wọ́n gé ló wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun lábẹ́ omi, òòṣà sì pariwo. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Arkansas

Nǹkan kékeré tí mo gbàgbé. Bí ewé omi tó ń yọ òdòdó àlùkò bá ti bo ojú àbàtà yín, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó gbogbo ewéko kúrò. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ omi tó hàn, ó sì fẹ́ ibi ìsápamọ́. Ìdajì-ìdajì ni ẹyẹ pọ̀ sí jù. Àwọn tó bá sì gbin ìrẹsì àkùrọ̀ nítòsí, kí wọ́n jẹ́ kí omi dúró lórí àkékù lẹ́yìn ìkórè. Níbí, oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè ni ẹyẹ ń kún. Ọkà tó já nílẹ̀ nígbà ìkórè kò lòdì sófin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ da ọkà sílẹ̀ láti fi tan ẹyẹ kó lè yìn ín, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.

Ọdẹ Etídò

Mo ti padà dé o. Oṣù kìn-ín-ní la wà yìí, ẹ máa bínú pé mo pẹ́.

Ìbọn wà lọ́wọ́ mi títí omi fi fà. Ọmọ náà kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mú un lọ jókòó ti òṣíbàtà gẹ́gẹ́ bí Tísà ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́ta la lò, ẹ̀fọn jẹ wá dé etí, a ò rí ẹyẹ tó gbé ọmọ sápá. Ọjọ́ kẹrin, mi ò lè lọ, òun nìkan lọ. Ó délé, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó ń fi hàn ìyá mi àgbà bí ẹyẹ náà ṣe ń rìn.

Àwọn ẹbí: ọ̀kan nínú mẹ́ta ti gbà kí wọ́n wọn ilẹ̀. Èkejì ní òun ń rò ó. Ẹ̀kẹta ti gba owó ìsanwájú, yanrìn sì ti dé ibẹ̀. Eèsún etí omi kò jóná lọ́dún yìí, àfi ibì kan tí n kò mọ ẹni tó sun ún.

Ìwé ọmọ náà wà níwájú mi. Èyí tó kọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an: "Aago 6:20. Kùrukùru. Pẹ́pẹ́yẹ odò 41, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ní kókó lórí ẹnu 2. Ẹyẹ orí òṣíbàtà 5. Lékeléke, mi ò kà á, ó pọ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ilà funfun wà lókè ojú rẹ̀, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò yìn ín." Ó ní kí n bi Tísà kí ni ẹyẹ náà. Ó tún ní kí n bèèrè bóyá ẹnì kan ní báínókúlà àlòkù tó fẹ́ tà.

Tísà Bàólọ́jì

Ilà funfun lókè ojú? Bó bá jẹ́ pé akọ ni, tí ilà náà sì tẹ̀ dé ìpàkọ́, garganey ni, irú pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan. Ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Éṣíà ló ti fò wá, á sì padà lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń fi òrùka sẹ́sẹ̀ irú wọn. Kó kọ ọ́ ránṣẹ́ lónìí.

Àgbà Ìgbẹ́

Báínókúlà mi wà nílé, ojú apá òsì rẹ̀ ṣe bàìbàì díẹ̀. Ẹ bi í bóyá á gbà á bẹ́ẹ̀. N ò tà á.